Ìtọ́sọ́nà fún Ẹnjiníà Tó Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Nínú Yàrá Aláìléruku ti Yunifásítì: Láti Orí Iná Dórí Ọyẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ ní UNILORIN, ní KWASU ní Malete, ní Landmark ní Òmù-Àrán àti ní Pólì Kwara ń bi mí ṣáá. Bí wọ́n bá gba èèyàn láti máa tọ́jú ẹ̀rọ nínú yàrá aláìléruku, èyí tí wọ́n ń pè ní cleanroom, kí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn olùwádìí ló ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ nàno. Tiyín ni pé kí ẹ̀rọ wà ní sẹpẹ́ nígbà tí olùwádìí bá dé ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì ṣe lónìí ohun tó ṣe lánàá gẹ́lẹ́. Nínú yàrá yìí, nàno-mítà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan. Fọ́nrán irun orí èèyàn kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nàno-mítà. Ẹ lè rí i nígbà náà pé ẹyọ eruku kan ṣoṣo tó bà lé wéfà, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ sórí rẹ̀, lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Ìwé ìlànà tó bá ẹ̀rọ wá láti òkè òkun gbà pé iná kì í lọ, pé omi tútù ń ṣàn lójoojúmọ́, pé afẹ́fẹ́ ìta mọ́ díẹ̀. Ní Ìlọrin, àwa fúnra wa la máa pèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ohun tí ìwé wọn ò sọ ni mo máa sọ jù níbí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ má tíì tan nǹkan kan

1. Ẹ tẹ̀lé wáyà iná, páìpù omi, páìpù gáàsì àti páìpù èéfín láti ara ẹ̀rọ títí dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí. Ẹ yà á sórí ìwé. Bí páìpù kan bá wọnú ògiri tí ẹ ò rí ibi tó jáde sí, ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i.
2. Ẹ ka àkọlé onírin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ fóòtì, hertz, iye fésì àti áńpù sílẹ̀.
3. Ẹ wá bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ò sí, láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.
4. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo nọ́ọ̀bù tí a ń yí àti síwíìṣì níbi tí wọ́n wà báyìí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn wọ́n.
5. Ẹ wá tẹkinísíà tó pẹ́ jù níbẹ̀ lọ, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ béèrè pé: "Bàbá, ẹ̀rọ wo ló máa ń dààmú yín jù, ìgbà wo ló sì máa ń ṣe é?" Ohun tí wọ́n máa sọ fún yín kò sí nínú ìwé kankan.

Lórí ìgbésẹ̀ kejì yẹn, ẹ ṣọ́ra gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ta láàbù lọ́rẹ láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti 120V tàbí 208V, 60Hz. Iná tiwa jẹ́ 230V, 50Hz. Tíráńsífọ́mà lè sọ 230 di 120, àmọ́ kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60Hz nìkan máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ lórí iná wa, yóò sì máa gbóná. Bí àkọlé rẹ̀ bá sọ 50/60Hz, kò séwu. Bí ó bá sọ 60Hz nìkan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó tan án, tàbí kí ẹ pààrọ̀ mọ́tò náà.

Fésì mẹ́ta: ewu tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀

Bí pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ yín bá ń lo fésì mẹ́ta, ọ̀nà tí mọ́tò rẹ̀ ń yí sí dá lórí ètò fésì yẹn. Bí àwọn oníná bá tún wáyà so lórí òpó, tàbí tí ẹni tó so jẹnẹrétọ̀ bá pààrọ̀ wáyà méjì, mọ́tò á máa yí sẹ́yìn. Pọ́ǹpù tó ń yí sẹ́yìn lè ti ọ́ìlì gòkè wọnú chámbà, ìyẹn àpótí inú ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ti ń wáyé. Fífọ chámbà tí ọ́ìlì ti wọ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ètò fésì, tó ń já iná bí fésì bá yí padà tàbí tí ọ̀kan bá kú. Àwọn oníná ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Títí ẹ ó fi rí i rà, ẹ ya ọfà sára mọ́tò láti fi ọ̀nà tó yẹ kó yí sí hàn. Lẹ́yìn àtúnṣe iná kankan, ẹ ti fáàfù chámbà pa, ẹ tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ wo fáànù rẹ̀.

Iná: ohun tó máa wà lórí UPS, àti ohun tó lè dúró

Ẹ̀rọ òfìfo ni ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú chámbà rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ó lè wà ní pípa fún oṣù kan kó má bàjẹ́. Àmọ́ kí iná já lójijì nígbà tí chámbà ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má mọ fáàfù tó yẹ kó tì, kí iná tún dé nígbà tí gbogbo síwíìṣì ṣì wà ní títàn: ìyẹn ló ń pa á.

Ẹ pín iná báyìí:

- Lórí UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ): kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ, àwọn géèjì, fáàfù tó ń lo iná, kọ́ńtírólà pọ́ǹpù túbò (oríṣi pọ́ǹpù òkè kan tí abẹ́ inú rẹ̀ ń yí kíkankíkan).
- Lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí íńfátà ńlá: fáànù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, fáànù tó ń fa èéfín jáde, pọ́ǹpù rótárì (èyí tó kọ́kọ́ ń fa afẹ́fẹ́ jáde kí pọ́ǹpù òkè tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀), ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù.
- Èyí tó lè dúró: ìdáná pẹrẹsẹ, spin coater (ẹ̀rọ tó ń yí wéfà kí oje tí wọ́n dà sí i lè tàn ká), àti ohun gbogbo tó wà ní ọ́fíìsì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n so pọ́ǹpù rótárì mọ́ UPS kékeré. Bí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí. UPS á kú, á sì pa kọ̀ǹpútà mọ́ra.

Bí iná bá lọ nígbà tí chámbà wà ní òfìfo

Ẹ tẹ ìlànà yìí jáde pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ nínú ọ̀rá. Bí iná bá lọ, orí kì í pé láti rántí.

1. Èèyàn ló ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nídìí ásíìdì, kó bo ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó jáde. Fáànù èéfín ti dúró, èéfín ò ní ibi tí yóò gbà lọ.
2. Ẹ yí nọ́ọ̀bù iná tó ń yọ́ irin padà sí òdo, kí ẹ pa iná fóòtì gíga. Bí iná bá dé lójijì, kò gbọ́dọ̀ bá a ní títàn.
3. Ẹ ti fáàfù ńlá tó wà láàárín chámbà àti pọ́ǹpù òkè.
4. Ẹ ti fáàfù tó lọ sí pọ́ǹpù rótárì.
5. Bí rótárì yín kò bá ní fáàfù tó ń ti ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ẹnu rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́ìlì lè gba inú họ́ọ̀sì gòkè.
6. Bí pọ́ǹpù òkè bá jẹ́ èyí tó ń se ọ́ìlì, ẹ pa ìdáná rẹ̀, àmọ́ kí omi tútù má dúró. Tánkì omi lórí òpó ló gbà wá níbí: omi á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ títí pọ́ǹpù á fi tutù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, ọ́ìlì rẹ̀ á jóná.
7. Bí ó bá jẹ́ túbò, ẹ pa kọ́ńtírólà rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Abẹ́ inú rẹ̀ ń yí ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣí i, ẹ má tì í, ẹ má gbé e títí yóò fi dúró pátápátá.
8. Ẹ ti àwọn sílíńdà gáàsì.
9. Ẹ kọ aago àti ìwọ̀n tí géèjì fi hàn sínú ìwé.

Ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì ó kéré tán ní ìlànà yìí títí wọ́n ó fi lè ṣe é nínú òkùnkùn. Ẹ ò ní wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Bí iná bá padà dé

Ẹ má sáré. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ga jù, ó sì lè tún lọ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

1. Ẹ fi mítà wọn ọ́n. Bí ó bá wà láàárín 220V sí 240V tí kò sì mì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ń lọ sókè-sódò, ẹ dúró, tàbí kí ẹ gba inú sitẹbiláísà ńlá.
2. Ẹ tan fáànù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ tan ti èéfín lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá. Bí ásíìdì bá wà ní ṣíṣí nígbà tí iná lọ, ti èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ tan.
3. Ẹ tan omi tútù. Ẹ fi ojú rí i pé ó ń ṣàn.
4. Ẹ tan rótárì nígbà tí fáàfù ṣì wà ní títì. Ẹ dúró kí géèjì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá 0.1 mbar (mbar ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́; ti afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ nǹkan bí 1,000).
5. Ẹ wá tan pọ́ǹpù òkè. Èyí tó ń se ọ́ìlì máa gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó gbóná.
6. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣí wéfà rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yàrá yóò fi ti yí fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ọyẹ́ àti eruku

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku Sàhárà wá bá wa. Ẹ ó nu tábìlì yín ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, ní àárọ̀, ẹ ó tún lè fi ìka kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá fi èyí wé ISO 14644-1, ìlànà àgbáyé fún yàrá aláìléruku: yàrá ISO 5 kò gbọdọ̀ ní ju ẹyọ eruku 3,520 tó fẹ̀ tó 0.5 máíkírónì (máíkírónì kan jẹ́ 1,000 nàno-mítà) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Ti ISO 7 jẹ́ 352,000.

Fíltà HEPA ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún ẹyọ eruku tó fẹ̀ tó 0.3 máíkírónì. Àmọ́ ó wọ́n, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni eruku ọyẹ́ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Fíltà ìpele àkọ́kọ́, tí kò wọ́n, ni kí ẹ fi gba ìyà yẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe kí ọyẹ́ tó dé:

1. Ẹ ra fíltà ìpele àkọ́kọ́ pa mọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ rà ju iye tí ẹ máa ń lò ní ìgbà òjò lọ dáadáa.
2. Ẹ fi géèjì sí iwájú àti ẹ̀yìn HEPA. Ẹ kọ ìwọ̀n tó fi hàn nígbà tó jẹ́ tuntun. Géèjì ni kó sọ ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ fíltà fún yín, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Nínú ọyẹ́, fíltà tí ìwé ní kó lo oṣù mẹ́ta lè dí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
3. Ẹ fi rọ́bà dí etí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìta. Ẹ lo sílíkónì fún ibi tí wáyà gbà wọlé.
4. Ẹ dán afẹ́fẹ́ wò. Yàrá gbọdọ̀ máa ti afẹ́fẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: kí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi bí 10 sí 15 Pa (pascal) ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá ní géèjì rẹ̀, ẹ mú tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dì í mú sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí tíṣù bá fẹ́ síta, ó dára. Bí ó bá fẹ́ sínú, eruku ń wọlé.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá: ìgbálẹ̀, páálí, pẹ́ńsù, ìwé lásán, àǹkáṣífù òwú, oúnjẹ. Aṣọ tí kì í jábọ́ fọ́nrán ni kí ẹ fi nulẹ̀, kó tutù díẹ̀. Tìróò, pańkéèkì àti páúdà máa ń jábọ́ lára èèyàn láìmọ̀; ẹ sọ fún àwọn tó ń lo yàrá pé kí wọ́n fọ ojú kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì pèsè omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà fún wọn. Ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ híjáábù náà rọrùn ju bí àwọn kan ti rò lọ. Ẹ ra híjáábù pọ́líẹ́sítà tí kì í jábọ́ fọ́nrán, kó máa gbé nínú yàrá ìmúra, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ yòókù. Obìnrin á pààrọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, yóò sì fi fìlà aṣọ iṣẹ́ bò ó. Irùngbọ̀n náà ní ìbòrí tirẹ̀. Orí ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ló gbẹ̀yìn.

Ọyẹ́ tún ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí iná ara aṣọ máa ta pàrà. Iná kékeré yẹn tó láti pa ohun tí wọ́n ń ṣe lórí wéfà. Kí gbogbo ẹni tó ń gbé wéfà so ọwọ́ mọ́ wáyà ilẹ̀. Ní ìgbà òjò, ìṣòro á yí padà: ọ̀rinrin á pọ̀, photoresist, ìyẹn oje tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà tí wọ́n ń fi bo wéfà, ò ní lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi wéfà sórí ìdáná ní 120°C fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó fi photoresist sí i, kí ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ẹ ò ní owó fíltà fún odindi yàrá? Ẹ fi HEPA kan àti fáànù kan ṣe tábìlì aláìléruku nínú yàrá lásán, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì lábẹ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé tábìlì kan tó ń ṣiṣẹ́ dára ju odindi yàrá tí fíltà rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì lọ. Àmọ́ tábìlì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yín lójú kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣí ásíìdì.

Pọ́ǹpù rótárì: wákàtí kan lọ́sẹ̀

Bí wákàtí kan péré bá wà fún ìtọ́jú lọ́sẹ̀, pọ́ǹpù rótárì ni kí ẹ fún. Òun ló ń fa afẹ́fẹ́ láti nǹkan bí 1,000 mbar wá sí nǹkan bí 0.01 mbar kí pọ́ǹpù òkè tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí èyí tó wà lókè lè ṣe.

Ẹ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀:

- Ṣé ọ́ìlì wà láàárín ìlà méjèèjì?
- Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Bó bá mọ́ gaara, kò burú. Bó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá dúdú tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, àsìkò àtipààrọ̀ rẹ̀ ti tó.
- Ṣé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?
- Ṣé ọ́ìlì ń kán sílẹ̀?

Fún ọ́ìlì tí omi wọ̀, ẹ ti fáàfù ẹnu pọ́ǹpù, ẹ ṣí fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní gas ballast, kí ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ooru á lé omi jáde. Ní ìgbà òjò, ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ ọ́ìlì:

1. Ẹ tan pọ́ǹpù fún ogún ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì lè gbóná, kó lè ṣàn. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná.
2. Ẹ ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ẹ da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì.
3. Ẹ da ọ́ìlì tuntun díẹ̀ sí i, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tún dà á nù sínú kẹ́ẹ̀gì.
4. Ẹ kún un dé àárín ìlà méjèèjì. Ẹ má kún un jù.
5. Ẹ ti ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ ka géèjì. Ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n náà sí ara pọ́ǹpù.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe lo ọ́ìlì mọ́tò. Mo mọ̀ pé ó wà ní gbogbo ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láti Gàrèjì Ọ̀fà dé Àjàṣẹ́-Ìpo, owó rẹ̀ sì kéré. Àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn máa ń di gáàsì nínú òfìfo, wọ́n á sì padà bọ́ sórí iṣẹ́ yín. Ọ́ìlì pọ́ǹpù òfìfo nìkan ni. Ẹ má sì da ògbólógbòó ọ́ìlì sí gọ́tà. Kẹ́ẹ̀gì tó ní àkọlé ni kó wà títí ẹni tó ń kó o á fi dé.

Bí chámbà ò bá ṣófo tó

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì, ẹ ti fáàfù pọ́ǹpù kí ẹ máa wo géèjì, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Bó bá ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà láìdúró, ihò wà níbì kan. Bó bá gòkè díẹ̀ tí ìgòkè rẹ̀ wá ń falẹ̀, ìdọ̀tí tàbí ọ̀rinrin inú chámbà ló ń jáde. Ẹ nù ún, ẹ fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ pẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀ torí ọ̀rinrin lásán.

Bó bá jẹ́ ihò:

1. Ibi tí wọ́n ṣí gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀kùn chámbà ni lọ́pọ̀ ìgbà.
2. Ẹ yọ rọ́bà róbótó tí wọ́n ń pè ní O-ring. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi yọ ọ́. Bí ẹ bá fi irin ha ojú ibi tó ń jókòó, ihò tí kò ní tán lẹ ṣe yẹn.
3. Ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Irun kan ṣoṣo lórí rẹ̀ tó láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì òfìfo tín-ń-tín pa á, kó kàn máa dán.
4. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa gbogbo ohun tó gbóná tàbí tó lè ta iná, kí ẹ fi ọtí isopropyl díẹ̀ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí géèjì bá ti fò, ibẹ̀ ni.

Bí O-ring bá já tí ti ilé iṣẹ́ ò sì tíì dé, ẹ fi fẹ́níà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, wọn fífẹ̀ inú rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, kí ẹ lọ bá àwọn tó ń ta rọ́bà háídírọ́líìkì. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà nitrile ṣe wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí kò gbóná. Níbi tó bá gbóná tàbí tí gáàsì líle wà, èyí tí wọ́n fi rọ́bà Viton ṣe ni kí ẹ dúró dè.

Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kan inú chámbà láé. Ọ̀rá ìka yín á máa jáde bí gáàsì fún ọjọ́ pípẹ́.

Ásíìdì àti gáàsì

Mi ò ní kọ́ yín ní iṣẹ́ ásíìdì nínú ìtọ́sọ́nà kan. Ojúkojú ni wọ́n ń kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ò ṣeé fojú fò:

- Hydrofluoric acid ń jẹ gíláàsì, ó sì ń wọra dé eegun, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó bá kàn lára, ò bá sí nínú yàrá, tí ilé ìwòsàn yunifásítì ò sì mọ̀ pé ẹ ní ásíìdì yìí, ẹ má jẹ́ kó wọlé rárá.
- Acetone kò gbọdọ̀ pàdé àpòpọ̀ sulphuric acid àti hydrogen peroxide. Ó lè bú gbàmù. Ẹ má sì dé ìgò àpòpọ̀ yẹn pa.
- Lítà kan nitrogen olómi máa ń di nǹkan bí 700 lítà gáàsì, yóò lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò. Ẹ má gbé e nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.
- Sílíńdà gáàsì gbọdọ̀ wà ní sísomọ́ ògiri pẹ̀lú ṣéènì, kódà bó ti ṣófo.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ

Ìwé kan fún ẹ̀rọ kan. Orúkọ, aago, ohun tí wọ́n ṣe, ìwọ̀n géèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ohun tó yàtọ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ ò ní lo ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fìyà jẹ ẹni tó bá wá sọ pé òun ba nǹkan jẹ́, torí bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn ò ní sọ mọ́.

Ẹ ṣètò àkókò ní ìbámu pẹ̀lú ìlú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́ta ní agogo méjìlá ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ kírun, kò sì sí ẹni tí yóò máa wò ó.

Èyí tó le jù ni bí ẹ ṣe máa sọ fún àgbà pé kò ṣeé ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè kó àlejò dé, kí wọ́n ní kí ẹ ṣí chámbà kí àlejò lè wo inú rẹ̀. Ẹ má jiyàn, ẹ má sì gbà. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀rọ lọ́rùn, kí ẹ sì dá àkókò: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà, túbò ṣì ń yí, bí a bá ṣí i báyìí abẹ́ inú rẹ̀ á fọ́. Bó bá di agogo méjì, màá fi gbogbo rẹ̀ hàn yín." Kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ bẹ ọ̀gá láàbù láti fọwọ́ sí òfin ẹ̀rọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìwé yẹn lè sọ ohun tó ṣòro fún ẹnu yín.

Bí ẹ bá ṣì ń wá iṣẹ́ náà

Ẹni tó ka Electrical, Mechanical, Fíísíìsì tàbí SLT (Science Laboratory Technology) lè ṣe é. Ohun tí wọ́n máa bi yín nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nílé tàbí lókè òkun, ni bí ẹ ṣe ń wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ.

- Ẹ bẹ ẹ̀ka tí ẹ wà pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tún pọ́ǹpù tó ti kú sí kọ̀rọ̀ láàbù ṣe. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe.
- Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán wáyà.
- Ẹ lo nanoHUB, ojúlé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nàno lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.
- Ẹ forúkọ sílẹ̀: ẹnjiníà lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, ẹni tó ka SLT lọ́dọ̀ NISLT, àjọ ti àwọn onímọ̀ SLT, tó wà ní Sàmọ́ńdà, Ìbàdàn.

Bí yunifásítì bá máa tì fún ìgbà pípẹ́

Ní 2022, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU bẹ̀rẹ̀ ní February 14, kò sì dáwọ́ dúró títí di October 14. Ẹ̀rọ òfìfo tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú fún oṣù mẹ́jọ lè má jí mọ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ń bọ̀, ẹ ṣe èyí:

1. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rótárì. Ọ́ìlì tó ti dọ̀tí máa ń jẹ irin inú rẹ̀ bó ti wà ní pípa.
2. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú chámbà jáde, ẹ fi nitrogen gbígbẹ kún un, kí ẹ ti í.
3. Ẹ da gbogbo omi inú páìpù ìtutù nù, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kó gbẹ.
4. Ẹ ti sílíńdà láti orí rẹ̀ gan-an, kí ẹ tú gáàsì tó kù nínú páìpù dà sínú páìpù èéfín kí ẹ tó pa fáànù.
5. Ẹ yọ wáyà gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná. Mànàmáná ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í dá ẹ̀rọ sí.
6. Ẹ fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ so ìwé mọ́ ọn: ọjọ́, ìwọ̀n géèjì, ẹni tó tì í.
7. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá àti àwọn ẹ̀ṣọ́, kí ẹnì kan lè wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti tan rótárì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní títì.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, fíltà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà rọ́bà, lẹ́yìn náà ètò fésì. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yàrá yí fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ nu ara ògiri àti orí ẹ̀rọ, kí ẹ tó ṣí chámbà kankan.